Rákẹ́ẹ̀tì tó bá apá mu ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó kàn ń dán lójú

Kò sí ọmọ Òkun gidi tó máa ra ọkọ́ lọ́jà Kabba tí ò ní í gbé e wò kó tó sanwó. Ìbáà jẹ́ ọmọ Owé, ìbáà jẹ́ Ìjùmú tàbí Yàgbà, kódà kó wá láti Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀, nǹkan kan náà ni wọ́n máa ṣe. Wọ́n á gbá ẹ̀rúkọ́ mú, wọ́n á jù ú díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á ṣe bí ẹni ń kọ ebè, wọ́n á wò ó bóyá orí ẹ̀ ti wúwo jù, bóyá ẹ̀rú náà tín-ín-rín débi tí yóò máa yí lọ́wọ́. Bí kò bá ti bá ọwọ́ wọn mu, wọ́n á dá a padà, wọ́n á ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn níléèwé. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fi ọkọ́ tí ò bá ọwọ́ mu kọ ẹgbẹ̀rún ebè, apá ẹ̀ ló máa san owó ọkọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àwọn èèyàn kan náà yìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra rákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn igi tí wọ́n fi ń gbá tẹníìsì. Àwọn tíṣà wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì náà ò gbẹ́yìn. Dókítà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì gbọ́ràn, ohun tó dáa ni. Àmọ́ tí wọ́n bá débi tí wọ́n ti ń ta kiní ọ̀hún, àwọ̀ ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á ní èyí pupa yẹn mà dáa o. Wọ́n á béèrè pé ṣé irú èyí kọ́ ni Nadal ń lò nígbà tó ń gbá a. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gbé e sápá, wọ́n á máa lọ. Tó bá máa fi tó oṣù mẹ́ta, ìgúnpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọn ò ní lè gbé ife tíì dáadáa mọ́, wọn ò ní lè yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń pariwo.

Nílùú tí kálukú ti mọ ara wọn, kì í pẹ́ tọ́rọ̀ fi í di ti ayé. Ẹlòmíràn á ní àwọn tó ń bá a du ipò alága ẹgbẹ́ ló mú un lápá. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye èèyàn tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbi ìnáwó tó lọ kẹ́yìn. Wọ́n á dárúkọ ẹni tó wo ọwọ́ ẹ̀ tìtorí pé ó na òun ní 6-0. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ẹni ẹlẹ́ni ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Inú rákẹ́ẹ̀tì tó fi owó ara ẹ̀ rà lọ̀tá wà.

Tennis elbow làwọn òyìnbó ń pe àìsàn ọ̀hún, kì í sì í ṣe àìsàn àná. Ní 1873 ni oníṣègùn ará Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Runge ti kọ̀wé nípa irú ìrora bẹ́ẹ̀ lápá àwọn tó ń kọ̀wé púpọ̀. Nígbà tó di 1882, Henry Morris kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé tẹníìsì máa ń fà á. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé èèyàn. Àwọn iṣan kan wà tó ń fa ọrùn ọwọ́ sókè, eegun tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá ni wọ́n so mọ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ba rákẹ́ẹ̀tì, kì í lò ju bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lórí okùn, àmọ́ láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn, rákẹ́ẹ̀tì fẹ́ yí lọ́wọ́, ó sì ń gbọ̀n. Àwọn iṣan yìí ló máa dì í mú. Tó bá ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè gbà lọ, wọ́n á máa ya díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n ti so mọ́ eegun. Lára àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 35 sí 55 ló ti wọ́pọ̀ jù, torí iṣan àgbà kì í tètè jinná bíi ti ọmọdé.

Ohun tó máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣàìsàn yìí ni ò fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì rí láyé wọn. Bíríkìlà ń ní in, káfíńtà ń ní in, ẹni tó ń fún aṣọ lójoojúmọ́ ń ní in, ẹni tó ń gúnyán fún odindi ilé náà lè ní in. Ibi tọ́rọ̀ ti wá kan àwọn ará Kabba àti agbègbè ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá tẹníìsì níbẹ̀ ló ṣì ní oko iṣu àti oko kọfí. Láàárọ̀, apá ọ̀tún ń di àdá mú. Nírọ̀lẹ́, apá ọ̀tún kan náà tún ń di rákẹ́ẹ̀tì mú. Iṣan kan ṣoṣo ni wọ́n ń rán níṣẹ́ méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá fi rákẹ́ẹ̀tì pa apá ẹ̀, oko ẹ̀ ló pa yẹn o.

Wàyí o, báwo lèèyàn ṣe máa ń yan èyí tí ò ní í pa á lápá?

Ìwúwo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n rò pé èyí tó fúyẹ́ jù ló máa tu apá lára. Irọ́ ni. Ẹ fi àdá wò ó. Àdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá fi gé igi líle, ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀ máa gbọ̀n padà sí, àmọ́ èyí tó ní ìwúwo díẹ̀ nínú á gba ìyà yẹn fún ẹni tó mú un. Bẹ́ẹ̀ náà ni rákẹ́ẹ̀tì rí. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi igi ṣe é, ó máa ń tó 370 sí 400 gíráàmù, ó sì máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí bọ́ọ̀lù bá bà á. Lóde òní, èyí tí àwọn àgbàlagbà ń lò máa ń wà láàárín 250 sí 340 gíráàmù kí wọ́n tó ta okùn sí i. Ẹni tára ẹ̀ dá, tó ń gbá a déédéé, lè wá èyí tó wà láàárín 295 sí 320. Ẹni tó ti dàgbà tàbí tí apá ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lè wá bíi 280 sí 295. Èyí tó bá ti kéré ju 260 lọ, kí ẹni tí ìgúnpá ń dùn má fi tire ṣe.

Ibi tí ìwúwo ọ̀hún wà tún ṣe pàtàkì. Rákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà gùn ní ínṣì 27, ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 13 àti ààbọ̀. Ẹ fi ìka kan gbé e ró ní ìdajì yẹn gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ orí ló ń já wálẹ̀, orí ẹ̀ ló wúwo. Tó bá jẹ́ ìdí tẹ́ ẹ ń dì mú ló ń já wálẹ̀, ìdí ló wúwo, èyí yẹn ló sì máa ń rọrùn fún apá jù, tí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò bá ti fúyẹ́ jù. Ọkọ́ tó jẹ́ orí nìkan ló wúwo, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa ń ṣe fún ọrùn ọwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó bóyá ó le gan-an tàbí ó rọ̀. Nígbà tí Jimmy Connors gba Wimbledon ní 1974, rákẹ́ẹ̀tì onírin tí René Lacoste, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ètò ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1976, Howard Head gbé rákẹ́ẹ̀tì olórí gbàǹgbà jáde fún Prince, tí ojú ẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 110 níbùú lóròó, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ínṣì 65 sí 70 ni ti onígi. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 1983, tí Yannick Noah fi onígi gba ife French Open, ayé onígi ti ń parí lọ. Nínú oṣù kan náà yẹn ni Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣa bọ́ọ̀lù fáwọn tó ń gbá a l'Ékòó, na Guillermo Vilas ní Wimbledon lẹ́yìn tí Vilas ti jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, tó sì dé ìpele kẹrin. Láti ìgbà náà, graphite ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ó lágbára, kì í jẹrà, bọ́ọ̀lù sì máa ń sáré kúrò lára ẹ̀. Àmọ́ bó bá ṣe le tó ni bọ́ọ̀lù á ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbọ̀n tó máa dé apá yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń wọn líle yìí, RA ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá wà ní nǹkan bíi 60 sí 65 rọ apá lọ́rùn, èyí tó bá ti lé ní 68, ẹ ṣọ́ra. Tẹ́ ò bá rí nǹkan tí wọ́n kọ sí i, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ wo bó ṣe nípọn tó. Èyí tó nípọn gan-an, tó fi ń lọ sí mìlímítà 26 sókè, sábà máa ń le ju èyí tó wà ní nǹkan bíi 20 sí 23 lọ.

Ọ̀rọ̀ okùn ló kù, òun ló sì ń ṣe àwọn èèyàn léṣe jù, torí wọn kì í wo ibẹ̀ rárá. Oríṣi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mọ̀. Èyí tó dáa jù fún apá ni èyí tí wọ́n fi ìfun màlúù ṣe. Àwọn kan máa ń sọ pé ìfun ológbò ni, kò rí bẹ́ẹ̀, màlúù ni. Ó rọ̀ bí ẹní fọwọ́ kan òwú, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ga, kò sì fẹ́ràn omi. Lásìkò òjò ní Kabba, kì í pẹ́ bàjẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín lọ́ pọ̀. Òun ló bá àpò ọ̀pọ̀ èèyàn mu, ó sì rọ̀ dáadáa. Ẹ̀kẹta ni polyester. Ìyẹn lokùn tí Gustavo Kuerten, ọmọ Brazil, fi gba ife French Open ní 1997, láti ìgbà náà ni gbogbo ọ̀dọ́ ti ń sá tẹ̀ lé e. Ó máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yí gan-an nínú afẹ́fẹ́, àmọ́ ó le bíi wáyà, kì í sì í pẹ́ tó fi ń kú. Okùn tó bá kú báyìí kì í já, yóò wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ apá lẹ ń fi gba gbogbo ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún tó ń tún un ta lóòrèkóòrè lè lò ó. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń gbá a lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Bí wọ́n ṣe fà á le tó náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń kọ pọ́n-ùn 50 sí 60 sí lára. Ẹni tí apá ń dùn, kó sọ fún ẹni tó ń bá a ta á pé kó má kọjá 50, kódà kó jẹ́ 48 tàbí 46 tó bá jẹ́ pé náílọ́ọ̀nù ni. Òfin táwọn tó mọ̀ ọ́n ń tẹ̀ lé ni pé iye ìgbà téèyàn bá ń gbá a lọ́sẹ̀ niye ìgbà tó yẹ kó tún okùn ta lọ́dún. Ẹni tó ń gbá a lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó tún un ta lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹ má sì fi rákẹ́ẹ̀tì sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ooru ń ba okùn jẹ́.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń dì í mú wá ńkọ́? Ẹ di rákẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni fẹ́ gbá a, kẹ́ ẹ wá fi ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ kejì sí àlàfo tó wà láàárín orí ìka àti àtẹ́lẹwọ́. Tí ìka yẹn bá wọlé ṣáká, ó bá yín mu. Tí kò bá ráyè wọlé, ó tín-ín-rín jù, ẹ ó máa fún un pọ̀ kó má baà yí lọ́wọ́, fífún yẹn gan-an ló ń pa iṣan. Tí àlàfo ọ̀hún bá fẹ̀ ju ìka lọ, ó tóbi jù. Èyí tó kéré ṣì ṣeé fi awọ wé, àmọ́ èyí tó tóbi ṣòro láti dín kù, ìyẹn ni wọ́n fi ń ní kéèyàn mú èyí tó kéré díẹ̀ tí kò bá dá a lójú. Awọ tó ti gbó, tó ń yọ̀ bíi ilá tí òógùn bá dé, ẹ bọ́ ọ kúrò. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan.

Ẹ fi bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣàpẹẹrẹ lọ́kàn yín, tó lọ bá ọmọkùnrin tó ń ta tòkunbọ̀.

“Okun o, bàbá. Tuntun nìyí, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́.”

“Okun, ọmọ mi. Ìyẹ́ kọ́ ni mo wá rà. Èyí dúdú tó ti gbó lọ́hùn-ún ńkọ́?”

“Háà, bàbá, tó wúwo yẹn? Ẹnikẹ́ni kì í rà á.”

“Gbé e wá.”

Bàbá ló gbọ́n. Tòkunbọ̀ àtijọ́ tó wúwo díẹ̀, tí kò nípọn, tó rọ̀, sábà máa ń dáa fún apá ju tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí bàbá yẹ̀ ẹ́ wò yípo bóyá ó ti sán, pàápàá lórí, níbi tó ti ń ha ilẹ̀. Kó fi ọwọ́ gbá a, kó gbọ́ bóyá ó ń dún wọ̀gọ̀wọ̀gọ̀. Kó sì ya owó okùn tuntun sọ́tọ̀ látilẹ̀, torí okùn tó bá a wá láti òkè òkun ti kú tipẹ́. Tí kò bá sẹ́ni tó ń ta okùn nítòsí, kó fi rán ẹni tó ń lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, kó sì kọ iye pọ́n-ùn tó fẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n má baà fi tiwọn ṣe é.

Rọ́bà kékeré táwọn èèyàn máa ń há sáàárín okùn ńkọ́? Ariwo okùn ló ń pa, kì í gba apá lọ́wọ́ ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ kó máa lò ó, àmọ́ kó má pè é ní oògùn. Bọ́ọ̀lù tó ti gbó tàbí tó mu omi náà léwu, ẹ jù ú fáwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré. Kẹ́ ẹ sì rántí pé rákẹ́ẹ̀tì tó dáa jù láyé ò lè gba ẹni tó ń fi ìgúnpá ṣíwájú nígbà tó bá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a, tó tún dì í mú bí ẹni mú olè. Ẹ dì í wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé kẹ́ ẹ tó mú un le díẹ̀.

Ẹni tó ti ń dùn ńkọ́? Kó má tijú. Novak Djokovic, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá, fi ìdíje Wimbledon sílẹ̀ láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní 2017 nítorí ìgúnpá, kò sì gbá a mọ́ títí ọdún yẹn fi parí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un níbẹ̀rẹ̀ 2018, ó sì gba Wimbledon lọ́dún yẹn kan náà. Ti ẹni tó pọ̀ jù kì í dé ibi iṣẹ́ abẹ. Kó sinmi, kó dín ohun tó ń fi apá náà gbé kù, kó lọ rí àwọn tó ń fi eré ìdárayá wo iṣan nílé ìwòsàn, kí wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa fi nǹkan kékeré fún apá náà lókun díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì sáré lọ gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ìgúnpá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún èèyàn 198 nílẹ̀ Australia, tó jáde ní 2006, fi hàn pé àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ ọ̀hún yọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àmọ́ ìrora padà bá ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí ọdún fi máa yí po, àwọn tí ò gba abẹ́rẹ́ sàn jù wọ́n lọ.

Àwọn ọmọ ló kù. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àtọmọ kó má ní ààlà, bẹ́ẹ̀ náà ni rákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé ti bàbá tó gùn ní ínṣì 27 fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Tàwọn ọmọdé wà láti ínṣì 19 títí dé 26, bí wọ́n bá ṣe ń ga sí i ni kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ sọ́jà lọ́la, kó ṣe é bí ẹni ń ra ọkọ́. Kó gbé e wò, kó fì í lọ fì í bọ̀ nígbà ogún, kó fi ìka wọn ibi tó ń dì mú, kó béèrè irú okùn tó wà níbẹ̀. Tó bá ṣeé ṣe, kó yá ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbá fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó náwó. Tónítọ̀hún bá bínú pé ó ń fi ojoojúmọ́ gbé nǹkan wò láì rà á, kó dá a lóhùn pé rákẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́jà, apá ni wọn kì í tà.